Ọkùnrin Tó Ka Àtẹ̀gùn Òrùlé Tí Kò Rí Ọfà

Gbogbo ẹni tó lójú ló ń wòran, ṣùgbọ́n Ojú-ò-purọ́ kì í wòran, kíkà ló máa ń ka ìran. Bí wọ́n bá pe ará àdúgbò jáde pé kí wọ́n wá wo òṣùmàrè, tí kálukú ń ṣe háà, etí òṣùmàrè ni tirẹ̀ yóò máa wò, bóyá ó gún régé tàbí ó rí págunpàgun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ búra pé kòkòrò kan fò kọjá níwájú rẹ̀ nígbà kan, ó sọ iye irun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì tún ní ọ̀kan ti re nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń fún un lóúnjẹ ni gígé gíláàsì awò ojú sínú férémù, nínú yàrá kótópó kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù dókítà ojú. Ẹ̀rọ tó fi ń gé gíláàsì a máa ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, omi a máa ta sí i láyà, nígbà tí ọ̀sán bá fi máa pọ́n, iwájú ẹ̀wù rẹ̀ á ti funfun bí ẹni tó bá ìyẹ̀fun jà tí ìyẹ̀fun sì borí. Ó ti fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ní agbègbè náà. Ìyá àgbà kan fi awò tó gé bojú, ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé ẹni tí òun ń bá gbé láti ogójì ọdún nìyí.

Ṣùgbọ́n awò ojú kọ́ ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Géèmù ni. Ó ní ojúewé kan lórí fóònù tí àwọn tó ń ta géèmù, bí ẹni ń ta ayò, ti máa ń pàdé, àwọn tó ń kà á sì tó ọ̀kẹ́ méjì. Ohun tí wọ́n ń wá síbẹ̀ kò ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ: kí Ojú-ò-purọ́ sọ iye ìlà tí ẹ̀rọ ń yà.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ ẹnikẹ́ni lójú, géèmù òde òní pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan wà tó jẹ́ pé ìwọ lo di páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù mú, ìwọ lò ń sá, ìwọ lò ń jà, ìwọ náà lò ń kú. Apá kejì ni ìran àwòjókòó. Wọ́n á gba agbára lọ́wọ́ rẹ, àwọn ènìyàn inú géèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á sunkún, wọ́n á dárí ji ara wọn, ìwọ á gbé páàdì sórí itan, o ó máa wò wọ́n bí ẹni tó jókòó ti àlejò tí kò mọ̀ rí.

Ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá ní ìlà 2160 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ géèmù tó lágbára á ya gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí agbára rẹ̀ ò gbé e á ya ìdajì, á wá fà á bíi rọ́bà títí yóò fi kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Nínú ìran àwòjókòó, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan nǹkan kan, ibi tí àwọn tó ṣe é bá fẹ́ kí o wò lo máa wò, nítorí náà wọ́n lè fara balẹ̀ ya gbogbo ìlà. Ìgbà tí páàdì bá padà sọ́wọ́ rẹ tí o bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn síbí yí i sọ́hùn-ún ni ẹ̀rọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, tí yóò máa jí ìlà gbé. Ó dà bí ọkùnrin tó wọ kóòtù lọ ya fọ́tò, tó sì jẹ́ pé síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti lu ló fi ń rìn kiri ilé. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni kí ó máa fi fọ́tò hàn kiri, kí ó ní kóòtù yẹn lòun fi ń sùn. Iṣẹ́ tí Ojú-ò-purọ́ yàn fún ara rẹ̀ ni pé kí ó máa ròyìn síńgílẹ́ẹ̀tì fún aráyé.

Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà ni Ọ̀gá Rúlà. Rúlà onírin kan ló máa ń wà nínú àpò àyà ọkùnrin yìí tọ̀sán tòru, àwọn kan tilẹ̀ sọ pé rúlà náà ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀, pé bí wọ́n bá yọ ọ́, yóò wó lulẹ̀ bí aṣọ. Nígbà tí Ojú-ò-purọ́ ṣì ń kọ́ títún tẹlifíṣọ̀n ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀gá mú un jókòó síwájú àwòrán kan tí wọ́n fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí imú ẹni inú rẹ̀ fi tóbi ju ilẹ̀kùn lọ.

“Kí lo rí?” ni ọ̀gá bi í.

“Ọkùnrin kan ni, Ọ̀gá. Inú ń bí i.”

Ọ̀gá fi rúlà gbá a lẹ́yìn ọwọ́. “Èyí ò kàn ọ́. Má wo ojú ènìyàn, ojú a máa tanni. Má wo ẹ̀jẹ̀, má wo iná, má wo gbogbo ohun tí wọ́n tò sókè. Etí nǹkan ni kí o wò. Ibi tí nǹkan kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni irọ́ ti ń tú.”

Ó wá fi bí wọ́n ṣe ń kà á hàn án. Etí òrùlé tó bá da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nínú àwòrán, bí o bá fẹ̀ ẹ́ dáadáa, kì í ṣe ìlà kan gbọọrọ mọ́, àtẹ̀gùn ni. Ka àtẹ̀gùn yẹn. Bí igba ìlà tẹlifíṣọ̀n bá wà níbẹ̀, tí àtẹ̀gùn náà jẹ́ igba, ara ẹ̀rọ le. Bí ó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún péré, rọ́bà ni wọ́n fà. Ó tún fún un ní òfin kan ṣoṣo tí kò gbọdọ̀ rú: kò gbọdọ̀ ka àwòrán tí ọwọ́ ara rẹ̀ kò gé láti ojú tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ náà sì gbọ́dọ̀ di páàdì mú nígbà tó ń gé e.

Wọn kò tan mọ́ra wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá Ojú-ò-purọ́ kú, Ọ̀gá Rúlà ló jókòó tì í fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ tó sì sọ láàárín ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju “jẹun” lọ. Látìgbà náà, bí Ojú-ò-purọ́ bá fẹ́ búra, ọ̀gá rẹ̀ ló fi ń búra.

Ìgbà tó yá, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù mú Ọ̀gá Rúlà, wọ́n fi í ṣe alábòójútó àwòrán. Inú gbogbo àwọn tó ń ka ìlà dùn. Wọ́n ní ológbò ti wọ ilé eku. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ológbò àti eku lè jọ máa jẹun nínú abọ́ kan.

Géèmù tí ilé-iṣẹ́ náà gbé dé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni wọ́n pè ní Aṣọ́ Afárá. Ìtàn ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ni, tó ń ṣọ́ afárá onókùn kan kí ọ̀tá má baà kọjá. Gbogbo ayé ń retí rẹ̀. Dísìkì géèmù tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí Ojú-ò-purọ́ ṣáájú ọjọ́ títà kò dé. Ó kọ̀wé, kò dé. Ó pè, wọ́n ní ó wà lọ́nà, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni dísìkì náà fi ń rìn bọ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ni ọ̀gá rẹ̀ pè é.

“Àbúrò, ṣé nǹkan yẹn ti dé ọ̀dọ̀ yín?”

“Kò tíì dé, Ọ̀gá. Ó dà bíi pé ọjọ́ títà gan-an ni.”

“Àwọn tó wà nídìí ìpínkiri níbí, bí o bá ní kí wọ́n gbé omi látìdí kànga dé ẹnu rẹ̀, wọ́n á sọnù. Fetí sílẹ̀. Èmi ń ta á lọ́wọ́ báyìí. Bí mo ṣe ń ta á ni mo ń gé àwòrán. Mo ti gé mẹ́fà. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?”

“Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kí n má ka ohun tí ọwọ́ mi ò gé.”

“Ọwọ́ mi, ọwọ́ ta ni?”

Kí ni ọmọ iṣẹ́ fẹ́ fi dáhùn irú ìbéèrè yẹn? “Ọwọ́ tiyín ni tèmi, Ọ̀gá.”

“Ó tán nìyẹn.”

Àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé. Ní apá òsì lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pá ẹ̀mí wà, ìyẹn igi pupa tó ń sọ bí ẹ̀mí aṣọ́fárá ṣe kù sí. Ọ̀pá yìí kì í hàn nínú ìran àwòjókòó rárá, ìgbà tí páàdì bá wà lọ́wọ́ ẹni nìkan ló ń yọ, nítorí náà bí Ojú-ò-purọ́ ṣe rí i fìrí báyìí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó fẹ̀ àwòrán títí òrùlé ilé aṣọ́fárá fi gba ojú kọ̀ǹpútà tán. Ó kà á lọ, ó kà á bọ̀. Igba ìlà, igba àtẹ̀gùn. Ó ka etí ọ̀kọ̀, ó ka etí àpáta, ó ka etí bàtà. Gbogbo rẹ̀ pé. Ó wá kọ ọ́ sójúewé rẹ̀ pé: “Aṣọ́ Afárá. 2160 nínú ìran àwòjókòó, 2160 bí páàdì bá wà lọ́wọ́ rẹ. Mo kà á, ó pé.”

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ilé-iṣẹ́ náà ti gbé gbólóhùn ìparí yẹn sórí pátákó ìpolówó wọn. “Mo kà á, ó pé.” Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gadagba, ó tóbi ju aṣọ́fárá fúnra rẹ̀ lọ, bí ẹni pé gbólóhùn náà ló máa bá ọ̀tá jà.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni dísìkì dé. Ojú-ò-purọ́ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ń fi ọwọ́ dá etí aṣọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìran àwòjókòó àkọ́kọ́ ṣí. Aṣọ́fárá ń dágbére fún ìyá rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ tò lẹ́yọ lẹ́yọ, o lè mú ọ̀kan kí o sọ ọ́ lórúkọ. Omijé jábọ́ lójú ìyá náà, o rí fèrèsé nínú omijé, o rí igi lẹ́yìn fèrèsé, díẹ̀ ló kù kí o rí ẹyẹ tó wà lórí igi.

“Máa lọ, ọmọ mi,” ni ìyá náà wí. Páàdì gbọ̀n lọ́wọ́ Ojú-ò-purọ́. Géèmù ti di tirẹ̀ láti darí.

Irùngbọ̀n náà pòórá. Ohun tó kù ní àgbọ̀n aṣọ́fárá dà bí ẹni pé wọ́n gé bùláńkẹ́ẹ̀tì dúdú lẹ̀ mọ́ ọn. Òrùlé ń gbọ̀n lójú bí ẹni tí ibà mú. Ojú-ò-purọ́ dìde, ó fọwọ́ tẹ wáyà mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Kò yàtọ̀. Ó nu ojú tẹlifíṣọ̀n. Ó nu awò tirẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ó nu ògiri.

“Bàbá Ìbejì,” ni ìyàwó rẹ̀ pè é láìgbójú sókè tán, “ta ló mí sójú ọkùnrin yẹn bí ẹni mí sí gíláàsì?”

Ojú-ò-purọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gé àwòrán, ó fẹ̀ ẹ́, ó wá etí òrùlé. Igba ìlà. Ó ka àtẹ̀gùn: ọgọ́rùn-ún. Ó tún un kà, ó ń fi ìka tọ́ ọ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ oǹkà. Ọgọ́rùn-ún. Ìdajì 2160 ni 1080. Rọ́bà ni.

Ó ṣí àwòrán mẹ́fà tí ọ̀gá rẹ̀ fi ránṣẹ́. Igba, igba, igba. Ó jókòó ṣáá. Ìyàwó rẹ̀ kó aṣọ sílẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo kọ̀ǹpútà.

“Ọfà gún ọkùnrin yìí léjìká,” ni ó wí.

“Ọfà wo?”

“Èwo lo tún ń bi mí? Ọfà tó gùn tó igi àsíá. Àwòrán kẹta nìyí. Igi pupa tó wà lókè yìí ńkọ́, kí ni iṣẹ́ rẹ̀?”

“Ọ̀pá ẹ̀mí ni. Bí wọ́n bá ṣe ń ṣá a ni yóò máa kúrú.”

“Kí ló wá dé tí kò kúrú?”

Ojú-ò-purọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wo àwòrán náà bí ọmọ ènìyàn ṣe ń wo àwòrán. Ọfà ti wọ aṣọ́fárá léjìká, ó yọ lẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ti dé ìgbànú, ọkùnrin náà la ẹnu bí ẹni tó ń pe Ẹlẹ́dàá rẹ̀, ọ̀pá ẹ̀mí lókè sì kún dẹ́múdẹ́mú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi dé. Nínú àwòrán karùn-ún, wọ́n ti gbé ọkùnrin náà sórí ibùsùn, ó ti dákú. Ọ̀pá ẹ̀mí kún.

Ìyàwó rẹ̀ fi ìka tẹ igi pupa náà. “Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Bí wọ́n ṣe ń rán lébẹ́ẹ̀lì mọ́ aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ojú rírán kan náà.”

Ìran àwòjókòó ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọmọ ọdún márùn-ún ì bá ti rí i. Ẹni tó ń ka irun ẹsẹ̀ kòkòrò kò rí i.

Ọ̀rọ̀ burúkú kì í pẹ́ délé. Ní ọ̀sán yẹn náà ni onígẹ̀rí tó ń gẹ irun níwájú títì yọ sí i, ó gbé àpótí géèmù tirẹ̀ dání bí ẹni tó gbé òkú adìẹ bọ̀.

“Ojú-ò-purọ́, ẹ káàsán o. Mo ní kí n wá bi yín, aṣọ́fárá tèmi ni, ṣé kí n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú yín ni, àbí èmi ni kí n wá gba awò?”

“Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mi ò jókòó. Ìjókòó ni mo ti ń jókòó láti àárọ̀, tí mo ń wo ọkùnrin tí ojú rẹ̀ rí bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Ọmọ mi ní, ‘Bàbá, ẹ ò sọ pé Ojú-ò-purọ́ ló kà á?’ Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, ‘Kí ló kà?’ Mo wá dákẹ́.”

Ojú-ò-purọ́ fẹ́ sọ pé wọ́n tan òun ni, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀. Bí ó bá ní wọ́n tan òun, wọ́n á bi í pé ta ni. Onígẹ̀rí mi orí, ó ní, “Kò burú. Ojú ò purọ́. Ẹnu la ò bi,” ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti kún ojúewé rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹnìkan ní ilé-iṣẹ́ náà ti ra ojú rẹ̀, òun ń bi iye tí wọ́n ń ta ìpéǹpéjú.

Ní ọjọ́ Ajé, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ dókítà ojú, ó wọkọ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ Ọ̀gá Rúlà. Pátákó náà wà lẹ́nu ọ̀nà. “Mo kà á, ó pé.” Ó ní láti gba abẹ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọjá kí ó tó wọlé. Wọ́n mú un lọ sí yàrá kan tí tẹlifíṣọ̀n méje tò sí lára ògiri, aṣọ́fárá wà nínú méjèèje, ó ń sá, ojú rẹ̀ ò mọ́.

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́.”

“Àbúrò mi. Jókòó. Ṣé wọ́n fún ọ lómi?”

“Mi ò mu omi, Ọ̀gá. Àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn, ìran àwòjókòó ni.”

Ọ̀gá Rúlà wo ilẹ̀kùn. Ó dìde, ó tì í, ó padà jókòó. “Ẹ̀rọ kan náà ló ń yà á,” ni ó wí. “Kì í ṣe fíìmù tí a ti ká sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà nílé rẹ yẹn ló ń yà á lójú ẹsẹ̀. 2160 ni, o kà á, ó sì pé. Níbo ni irọ́ wà níbẹ̀?”

“Ẹ ní bí ẹ ṣe ń ta á ni ẹ ń gé e.”

“Mo di páàdì mú.”

“Ọmọ tí wọ́n pọ̀n náà di nǹkan mú, Ọ̀gá. Òun kọ́ ló ń rìn.”

Ọ̀gá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ẹnu.

“Ọ̀pá ẹ̀mí ńkọ́? Ta ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn?”

Ọ̀gá yọ rúlà láti àpò àyà, ó gbé e sórí tábìlì, ó ń yí i. “Èmi ni,” ni ó wí.

“Ẹ ò tiẹ̀ bẹ̀rù pé mo máa rí i? Ọfà gún ọkùnrin náà, ọ̀pá ẹ̀mí ò dín. Ìyàwó mi rí i láàárín kí ènìyàn sín.”

“Ìyàwó rẹ ò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.” Ọ̀gá kò gbójú sókè. “Mo mọ ibi tí ìwọ máa ń wò. Èmi ni mo kọ́ ọ níbẹ̀.”

Ojú-ò-purọ́ ti ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ra láti ilé, ó ti tò ó bí ọmọ ogun, èyí tó máa ṣáájú àti èyí tó máa tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn sá lọ. Ó wo ọwọ́ tó gbá òun lẹ́yìn ọwọ́ nígbà náà lọ́hùn-ún, tó ní kí òun má wo ojú ènìyàn, kí òun má wo ohun tí wọ́n tò sókè. Olè tó gba fèrèsé wọlé ṣì ṣeé fara dà. Èyí tó kọ́ ilé náà fún ọ, tó sì rántí ibi tí kò fi kọ́kọ́rọ́ sí, kí lo fẹ́ pe ìyẹn?

“Ẹ̀rọ ò gbé e,” ni Ọ̀gá ń sọ. “Ọdún méjì la fi bá a fà á. Bí ìròyìn bá jáde kí wọ́n tó tà á, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ní àwọn á tú yàrá wa ká, èmi àti ọ̀dọ́ mọ́kàndínlógún tó wà lábẹ́ mi. Àtúnṣe ń bọ̀. Oṣù mẹ́ta. Ṣáà dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta péré, bí ó bá dé, ohun tí o kọ á di òótọ́.”

“Ẹni tó wà lójú ọ̀nà tó ní òun ti délé, irọ́ ló pa, Ọ̀gá. Bó bá délé lọ́la, irọ́ àná ò tíì kú.”

“O ti mọ ọ̀rọ̀ sọ.”

“Àwọn tó ń ka ìlà pọ̀ láyé. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?”

Ọ̀gá wá wo ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. “Ta ni wọ́n gbà gbọ́ tó ọ?”

Láti bí ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti mọra, Ọ̀gá Rúlà ò yìn ín tó bẹ́ẹ̀ rí. Ojú-ò-purọ́ dìde. Ó ti gbé ọwọ́ sórí ilẹ̀kùn kí ó tó rántí pé òun ò tíì kí i pé ó dàbọ̀, ó sì kí i, nítorí pé wọ́n kọ́ ọ nílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣí ojúewé rẹ̀, ó jókòó tì í bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn. Ìyàwó rẹ̀ gbé tíì wá fún un.

“Ṣé wàá dárúkọ rẹ̀?”

“Bí mi ò bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á ní mo mọ̀ sí i. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

“Ó ronú nípa iṣẹ́ tìẹ?”

“Iṣẹ́ mi kọ́ ló mú lọ, Ìyá Ìbejì. Gíláàsì wà níbẹ̀, mo máa gé e lọ́la. Ìgbàgbọ́ ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn ló mú lọ, wọn ò sì ń tà á níbì kankan.”

Ó mu tíì náà tán kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Ohun tó kọ nìyí: “Mo sọ pé mo kà á. Mo kà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ta á. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló gé àwòrán fún mi. Ìran àwòjókòó ló gé, ó lẹ ọ̀pá ẹ̀mí mọ́ ọn, èmi ò sì rí i, nítorí pé òrùlé ni mo ń wò. Òfin wà pé kí n má kà á, mo rú u. 2160 ni ìran àwòjókòó. Bí páàdì bá wà lọ́wọ́ yín, 1080 ni. Àwòrán tí mo fọwọ́ ara mi gé nìwọ̀nyí. Ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ kà á.” Kò kọ orúkọ kankan. Gbogbo ayé mọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ní “ìyá tó bí mi” ni.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kúrò lójúewé rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn tó dúró ò yìn ín. Àwọn kan ní ó sọ òtítọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán. Àwọn kan ní kò yẹ kí ọmọ iṣẹ́ tú àṣírí ọ̀gá, bó ti wù kó rí. Onígẹ̀rí ra rúlà. Ó ń fi ka gbogbo nǹkan, ó ka irun oníbàárà kan títí ọkùnrin náà fi dìde lọ pẹ̀lú ìdajì orí. Ilé-iṣẹ́ náà kò yọ pátákó wọn, wọ́n kàn lẹ ìràwọ̀ ńlá kan bo “Mo kà á, ó pé.” Bí o bá dúró dáadáa, o ṣì máa rí “pé” tó yọ orí lábẹ́ rẹ̀.

Ojú-ò-purọ́ ń gé gíláàsì rẹ̀. Bí fóònù bá ti dún, á nu ọwọ́ tó lómi, á wò ó, kì í ṣe ẹni tó rò, á dá a padà sápò. Kò mọ ohun tó ń retí gan-an. Bóyá kí Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́. Bóyá kí ó bú u.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ wọlé. Kò sí kíkí níbẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí èébú. “1080 kọ́. 1072 ni. Etí òrùlé tí o lò ti kúrú jù. Lo okùn afárá, ó da gẹ̀rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.”

Ó fi í han ìyàwó rẹ̀ nígbà tó délé.

“Ṣé wàá tún gbà á gbọ́ ni?”

“Mi ò gbà á gbọ́,” ni ó wí. “Mo máa kà á.”

Ó tan ẹ̀rọ, ó di páàdì mú, ó mú aṣọ́fárá rìn lọ sórí afárá, ó yí i títí okùn náà fi gba igun tẹlifíṣọ̀n kan kọjá sí ìkejì. Ó wo ọ̀pá ẹ̀mí. Ó wo ọwọ́, ó wo èjìká, ó wo ojú ọkùnrin náà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ló gé e. Ó fi odidi ìrọ̀lẹ́ kà á, ó ń fàmì sórí ìwé ní mẹ́wàá mẹ́wàá. 1072. Ó jẹun, ó tún un kà. 1072. Ó pe ìyàwó rẹ̀ kí ó bá òun ka ìdajì, ìyẹn kà á bí ẹni tó ń ka bọ́tìnnì, ó gba iye kan náà.

Ìgbà yẹn ló tó mọ ohun tó ti ń retí láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ti ń retí, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ọ̀gá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, pé kí ó jẹ́ pé ojú ọ̀gá ló ti ń ṣe bàìbàì. Pé bóyá àgbà ti ń dé, pé bóyá ọkùnrin náà ṣèèṣì mú ìran àwòjókòó, tí ojú sì wá tì í láti sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sọ́hùn-ún, tó rí i pé ìlà mẹ́jọ péré ló sọnù nínú ẹgbẹ̀rún, ojú rẹ̀ ò ṣe bàìbàì rárá. Ó mọ ohun tó ń ṣe dé orí ìlà tó kẹ́yìn.

Ó tún iye náà kọ sójúewé rẹ̀: “Mo ṣì í kà. 1072 ni. Ọ̀gá mi ló sọ fún mi, òótọ́ ló sì sọ. Mo kà á fúnra mi kí n tó gbà.” Lẹ́yìn náà ó mú fóònù, ó kọ “Ẹ ṣé, Ọ̀gá” sí ọkùnrin náà. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó pa “Ọ̀gá” rẹ́, ó ku “Ẹ ṣé”, ó sì fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.